Àpò Ẹ̀wà Mẹ́fà

   Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa sọ pé kí ni Áàfáà tún fẹ́ wí nípa ọ̀wọ́n gógó tí ìkòkò ilé òun kò tíì wí fún òun. Òtítọ́ ni. Kì í ṣe láti kọ́ yín ní ohun tí ẹ mọ̀ ni a ṣe mú kálàmù. Ẹjọ́ ara wa ni a fẹ́ rò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan ku bí ọjọ́ mẹ́wàá, a ń ka orí tí ó dá lórí kátàkárà nínú Bulugh al-Maram pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn. A dé ibi hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ma'mar ọmọ Abdullah, èyí tí ó ka ẹni tí ń kó ọjà pamọ́ de ọ̀wọ́n mọ́ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. A túmọ̀ rẹ̀, a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe, a sì ti fẹ́ ṣí ojú ewé tí ó kàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Áàfáà, ẹni tí ó ra ẹ̀wà sílẹ̀ nígbà tí ó pọ̀ lọ́jà, tí ó wá gbé e pamọ́ títí ààwẹ̀ fi dé, ṣé ó wà nínú àwọn tí Ànábì ń wí yìí?"

Àpò ẹ̀wà olóyin mẹ́fà wà nínú yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn pátákó ìkọ̀wé wa. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín àpò wọ̀nyí àti ibi tí a dúró sí. A wo ojú ọmọ náà bóyá ó mọ nǹkan, a kò rí nǹkan kan lójú rẹ̀ ju pé ó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. A ní, "Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ dọ̀la." Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú, a lè ka iye ìgbà tí a fi ìdáhùn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ìgbà tí a kò bá sì mọ ìdáhùn ni. Lọ́jọ́ yìí, a mọ ọ̀n.

Bí àpò mẹ́fà náà ṣe dé ọwọ́ wa kò ní ìtàn púpọ̀ nínú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, a yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a wà nínú rẹ̀, a lọ sí ọjà Bódìjà nílùú Ìbàdàn, a ra ẹ̀wà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè tán ní Òkè Ọya ni, àwọn ọkọ̀ àjàgbé sì ń já a sílẹ̀ bí ẹni ń já yanrìn. Gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́n díẹ̀ ní agbo wa ní í ṣe é: olùkọ́, aránṣọ, àwọn ìyá aláṣọ, kódà a mọ lèmọ́mù tí í ṣe é. Wọn a ra ẹ̀wà ní oṣù Kejìlá, wọn a po ata gbígbẹ mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n rọ ọ́ sínú àpò onípele mẹ́ta tí atẹ́gùn kò lè wọ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, wọn a wá dúró de ààwẹ̀ tàbí ìgbà òjò tí yóò lọ sókè. Èrè rẹ̀ ni a fẹ́ fi san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin wa tí ó wà ní yunifásítì. Nínú àwọn ọmọ kéwú wa tí ó lé ní ọgọ́ta, àwọn tí òbí wọn ṣì ń san owó oṣù nígbà náà kò pé ogún, a kò sì lè lé ọmọ kúrò nídìí Àlùkùránì nítorí owó. Bí a bá lé wọn tán, ta ni a ó wá kù pẹ̀lú?

Ẹ rántí bí ìgbà náà ti rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ni ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan bí 500. Ní oṣù Kẹfà, báńkì àgbà orílẹ̀-èdè wa fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀. Dọ́là kan tí ìjọba ń pè ní nǹkan bí 470 náírà ti lé ní 1,400 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Ẹ̀wà kì í fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Kánò. Ọkọ̀ ní í gbé e, epo ni ọkọ̀ ń mu, ẹni tí ó gbìn ín sì lè jẹ́ ará Zamfara tàbí Katsina, níbi tí àwọn agbébọn ti ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí wọ́n tó gbà á láyè láti kórè oko ara rẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, NBS, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé iye oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù Kẹfà ọdún tó ṣáájú lọ. Ti ẹ̀wà tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀: kílò kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 650 náírà ti di nǹkan bí 2,300. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ṣì jẹ́ 30,000 náírà nígbà náà, òpin oṣù Keje ni wọ́n tó sọ ọ́ di 70,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko, bí kò bá wọkọ̀, tí kò sanwó ilé, tí kò ra ọṣẹ, kílò ẹ̀wà mẹ́tàlá ni yóò gbé wálé.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan, a mọ̀. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 673 ni ebi ń pa ní ọdún 2024, mílíọ̀nù 307 nínú wọn sì wà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n irú iye bẹ́ẹ̀ tóbi ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ohun tí ojú tiwa rí ni a fẹ́ sọ.

Ọmọ tí ó bá yó a máa pariwo, gbogbo olùkọ́ kéwú ni ó mọ èyí. Nígbà tí kíláàsì àwọn kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, a kọ́kọ́ rò pé ìwà wọn ni ó dára sí i, a tilẹ̀ yìn wọ́n. Lọ́jọ́ kan ni ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé orí lé wàláà rẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ó sì sùn lọ. A fi ọwọ́ kàn án lọ́rùn, ara rẹ̀ kò gbóná. A jí i, a bi í pé kí ni ó jẹ lọ́sàn-án. Ó ní, "Kì í ṣe ọjọ́ tèmi lónìí, Áàfáà." Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n nílé wọn: méjì ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lónìí, méjì yòókù ń jẹ ẹ́ lọ́la. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òní ni Jímọ̀, kò sunkún, kò bojú jẹ́. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Súratul-Mutaffifin ni a sì ń kọ́ ọmọ yẹn lọ́sẹ̀ náà, súrà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù.

Ẹ jẹ́ kí a yà bàrá díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí. Àwọn tí ń ra oúnjẹ lọ́jà wa mọ̀ pé kóńgò ju oríṣi kan lọ. Èyí tí wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọlé wà, èyí tí wọ́n tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà. Oníṣòwò a fi kóńgò tó jinlẹ̀ rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, a sì fi èyí tí ìdí rẹ̀ ti wú tà fún wa. Lọ́dọọdún tí a bá ń wọn jáká ìtúnu ààwẹ̀, sáà kan fún orí kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ mùdù Ànábì mẹ́rin, a máa ń kọ́kọ́ bu ọwọ́ méjì papọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin sínú kóńgò láti mọ irú èyí tí ó wà níwájú wa. Ọwọ́ èèyàn kò ṣeé fi òòlù lù.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ yẹn bi wá ní ìbéèrè, a tan àtùpà, a kó ìwé sílẹ̀. Kí a má purọ́, kì í ṣe òtítọ́ ni a ń wá. Ọ̀nà àbáyọ ni a ń wá, a sì rí i ju ẹyọ kan lọ. A rí i pé Ànábì fúnra rẹ̀ máa ń ya oúnjẹ ọdún kan sọ́tọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀. A rí i pé àwọn onímọ̀ ya ẹni tí ó ra oúnjẹ nígbà tí ó pọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó rà á nígbà tí ó wọ́n. Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti Sa'id ọmọ al-Musayyib, àgbà onímọ̀ ìlú Mẹ̀dínà, tí hádíìsì náà gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Àwọn èèyàn bi í pé ìwọ náà kò ha ń kó ọjà pamọ́? Ó ní Ma'mar tí ó sọ hádíìsì náà fún òun máa ń kó o pamọ́. Inú wa dùn! A fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n Abu Dawud wà nílẹ̀ níbẹ̀, a ṣí i, ó sì sọ ohun tí Sa'id ń kó pamọ́: kóró inú èso dàbínù, ewé tí wọ́n gbọ̀n sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn, àti hóró irúgbìn. Kò sí ẹni tí ń jẹ kóró dàbínù ṣe sààrì.

Àwa tí a tẹ̀ lé Imam Malik nílẹ̀ Yorùbá kò tilẹ̀ ní ibi tí a ó sá gbà. Nínú Muwatta ni ó kọ ọ́ sí pé Sàyídínà Umar kéde pé kò sí ààyè fún kíkó oúnjẹ pamọ́ ní ọjà Mẹ̀dínà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ru ọjà wá láti ọ̀nà jíjìn nínú ọ̀tútù àti nínú oòrùn, àlejò Umar ni, kí ó tà á bí ó ti wù ú. Awakọ̀ tí ó wa ọkọ̀ láti Kánò wá ni àlejò Umar. Ibi tí àwa ru ẹ̀wà tiwa dé kò ju láti Bódìjà sí yàrá ẹ̀yìn. Umar yìí kan náà ni ẹni tí, nígbà ọ̀dá ọdún 18 lẹ́yìn Hijira, ọdún tí wọ́n ń pè ní ọdún eérú, kò jẹ òrí àmọ́ mọ́ títí tí àwọ̀ ara rẹ̀ fi yí padà, ó ní òun kò ní jẹ ohun tí àwọn ará ìlú kò rí jẹ.

Ìyàwó wa jí, ó bá wa láàárín ìwé. A ṣàlàyé fún un. A ní ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ka, pé àwọn onímọ̀ yapa sí i. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí a fi dákẹ́. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin náà lẹ ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ kéwú mọ̀ pé ẹ̀wà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan ńbẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi ní kí n fi aṣọ bo ojú fèrèsé?"

Ó padà lọ sùn. Ẹni tí ó bá mọ àwọn hádíìsì ogójì ti Nawawi lórí yóò mọ èyí tí ó wá sí wa lọ́kàn, èyí tí Nawwas ọmọ Sam'an gbà wá. Gbogbo ọmọ kéwú ní í há a sórí. A kò fẹ́ kà á síta lóru yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, a dá ọmọ náà lóhùn. A ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú wọn, bí ìpamọ́ rẹ̀ bá ń ni àwọn èèyàn lára. A wá ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà kí wọ́n rí i. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ojú tì wá ju bí a ti rò lọ. Àwọn ọmọ tí a ti nà rí nítorí irọ́ wà níbẹ̀. Ìgbà tí kíláàsì tú ni ọmọbìnrin náà tó dúró sọ fún wa pé ìyá òun ni òun ń bi ìbéèrè náà fún. Ẹ̀wà ni ìyá rẹ̀ ń sè tà ní òwúrọ̀, ó ti dáwọ́ dúró láti oṣù Kìíní, nítorí pé ẹni tí ó máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún un pé ẹ̀wà wà ṣùgbọ́n kò tíì yá, kí ó padà wá nígbà ààwẹ̀. Kò mọ̀ nípa tiwa rárá.

A kò ní sọ fún yín pé a pín gbogbo rẹ̀ ní sàráà, nítorí a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbèsè alájẹṣẹ́kù wà lọ́rùn wa, oníduùró méjì ni ó sì fọwọ́ sí i fún wa. Àpò mẹ́ta ni a tú. A tà á fún àwọn òbí ọmọ kéwú ní iye tí a rà á pẹ̀lú owó ọkọ̀, kóńgò méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan, àwa fúnra wa ni a wọ̀n ọ́n. Ìyá ọmọ yẹn rà ju méjì lọ, a gbójú fo èyí. Mẹ́ta yòókù, a tà á ní iye ọjà nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, èrè rẹ̀ sì pọ̀. A san gbèsè, a san díẹ̀ nínú owó yunifásítì. Ẹni tí ó bá fẹ́ bi wá pé ìdajì òtítọ́ mélòó ni ó jẹ́ òtítọ́ kan, kí ó máa bi wá. Àwa náà ń bi ara wa.

Ọjọ́ kẹrin tí a tà á, a kọjá ní ojú títì, a rí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tí ó pàtẹ. Ẹ̀wà wa ni ó ń tà, ní iye ọjà. Inú bí wa débi pé a fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Áàfáà, ẹ má bínú. Kóńgò ẹ̀wà kan, ọjọ́ méjì ni yóò jẹ́ nílé wa. Bí mo bá tà á, owó rẹ̀ yóò ra gààrí tí a ó jẹ fún ọjọ́ márùn-ún." Ọmọ rẹ̀ ni ọmọ tí ó sùn lórí wàláà. A dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan. Ohun tí àwa ṣe ní Bódìjà ni obìnrin yìí ṣe, àyàfi pé tirẹ̀ kéré, ó sì ṣe é nítorí ebi. A ra gààrí fún un, a lọ. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a dá ẹjọ́ rẹ̀ láti inú ìwé, a kò lè dá a.

Ọdún náà kò parí ní ire fún ìlú wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí ayẹyẹ ìparí ọdún nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, pẹ̀lú ìlérí ẹ̀bùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ya bò ó, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ṣẹlẹ̀, ọmọ 35 sì kú. Kí Ọlọ́hun tu àwọn òbí wọn nínú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Àbújá àti ní Ọ̀kíjà níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Àwọn èèyàn ń sọ pé àìgbọ́ràn ni, pé kí ni ìyá ń wá tí ó fi jí ọmọ dìde lóru lọ tò sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ kí ọmọ kan sọ fún un pé kì í ṣe ọjọ́ tèmi lónìí.

Nígbà tí ó di ọdún 2025, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìjọba ti ṣílẹ̀kùn láti ọdún 2024 kí wọ́n kó àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà wọlé láìsan owó ibodè, ìkórè sì tún dára níbi púpọ̀. Gbogbo wa hó yèè. Ìbátan wa kan tí ń dá oko àgbàdo ní Òkè-Ògùn kò hó. Ó wá kí wa, ó jókòó, ó ní iye tí òun fi ra ajílẹ̀ nígbà tí àgbàdo wọ́n kò wálẹ̀ nígbà tí àgbàdo wálẹ̀, pé bí òun bá tà á ní iye tí wọ́n ń pè é yìí, òun kò ní padà sí oko lọ́dún tó ń bọ̀. Ó bi wá pé, "Ẹ̀yin alífáà, ẹ ti ń wàásù lórí ẹni tó ń tà wọ́n. Ta ni yóò wàásù fún ẹni tó fẹ́ rà á lọ́fẹ̀ẹ́?" A rántí pé nígbà tí oúnjẹ wọ́n ní Mẹ̀dínà, àwọn èèyàn bẹ Ànábì pé kí ó bu iye lé e, kò sì gbà, ó ń bẹ̀rù kí òun má lọ bá Ọlọ́hun pẹ̀lú àbòsí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. A ti ń ka hádíìsì náà fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà tí àgbẹ̀ yìí jókòó síwájú wa ni a tó mọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà á.

Lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní ẹ̀wà tuntun ti dé Bódìjà, ó pọ̀, ó sì rọ̀, pé àwọn olùkọ́ mẹ́rin ti gba fọ́ọ̀mù, ṣé kí òun fi tiwa sílẹ̀? Ọmọbìnrin wa ku ọdún kan ní yunifásítì. Ìyàwó wa wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ìrẹsì lórí atẹ, kò gbójú sókè. A gba fọ́ọ̀mù náà. Ó ṣì wà nínú Bulugh al-Maram, ní orí kátàkárà, a kò tíì kọ nǹkan kan sí i.